Èéfín Efinrin Nínú Ilé Mùsùlùmí

ÌBÉÈRÈ: Assalaamu alaykum, Alfa wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tuntun. Mo máa ń sá efinrin àti koríko ọba, mo máa ń dì í, mo sì ń sun ún nírọ̀lẹ́ nítorí ẹ̀fọn àti òórùn. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ataare méje há a láàárín, kí n gbé e yí yàrá ká, kí n máa sọ fún èéfín náà pé kó lé aburú tí àwọn ayálégbé ìṣáájú fi sílẹ̀ jáde. Ṣé ó bá ẹ̀sìn mu?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullaah.

Ewé tí ẹ ń sun kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. Nínú hádíìsì tí Muslim, onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, gbà wá, Naafi' ní Ibn Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, máa ń sun igi olóòórùn dídùn láìpò ó mọ́ nǹkan kan, tàbí kó da káfúrà lé e, á sì ní bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ti ẹ̀fọn náà, ojú lásán ló fi hàn pé wọn kì í fẹ́ èéfín.

Ataare pàápàá, oúnjẹ ni. Iye méje yẹn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ bá èéfín sọ ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé agbára wà lọ́wọ́ èéfín fúnra rẹ̀, tàbí tó ń sun ún láti fi tu àlùjànnú lójú, ẹbọ ńlá (ìyẹn shirk, fífi nǹkan ṣe akẹgbẹ́ Ọlọ́hun) ló ṣe. Ẹni tó ní Ọlọ́hun ló ń lé aburú, ṣùgbọ́n tó sọ èéfín di okùnfà rẹ̀ nígbà tí Ọlọ́hun kò fi í ṣe okùnfà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí ẹbọ kékeré. Kékeré yẹn kì í ṣe ohun àmúṣeré o.

Ohun tí ẹ ó fi ṣọ́ ilé ti wà nílẹ̀. Ẹ ka Súrátul Baqarah níbẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé Ṣàítánì a máa sá fún ilé tí wọ́n bá ń kà á. Bí ẹ kò bá lè ka gbogbo aaya 286 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in. Ẹ máa ka aaya 285 àti 286 lálaalẹ́, kí ẹ sì máa ṣe Bismillaah nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun.

Lórí dídì rẹ̀: inú ibòji ni kí ẹ sá ewé sí títí yóò fi máa fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì yọ igi efinrin tó nípọn, torí òun ló ń mú omi dání. Ìdì tó tutù láàárín á bu, èéfín rẹ̀ á sì máa ta ni lójú. Kó má nípọn ju àtàǹpàkò méjì lọ. Òwú ni kí ẹ fi dì í. Okùn ọ̀rá á yọ́, á sì máa rùn. Bó bá le jù, iná á kú; bó bá dẹ̀ jù, ẹ̀ṣẹ́ná á máa já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan ṣóńṣó rẹ̀, ẹ fẹ́ ọwọ́ iná rẹ̀ pa kó máa rú, kí ẹ gbé e sínú àwo amọ̀ tó ní iyẹ̀pẹ̀, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní ikọ́ fée, ẹ má sun ún rárá.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú iyẹ̀pẹ̀ kí ó kú pátápátá kí ẹ tó sùn: Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi iná sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí a bá ń sùn. Bí ẹ bá wà nínú ààwẹ̀, ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ fa èéfín olóòórùn símú; ní mas'hab (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Maaliki tí àwa ń tẹ̀lé, ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ dúró di ẹ̀yìn ìṣínu.

Ẹ má bá ìyá jiyàn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó máa sun efinrin yín, ẹ ó sì máa ka Baqarah sí ilé. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wá jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń kà á.