Ẹ wo okùn bíréèkì yín kí ẹ tó ra okùn mìíràn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ ní okùn káìtì yín já lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ní pápá Àkókà, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Ẹ tún ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun náà fà á wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ má sì tíì fà á lé ọmọ lọ́wọ́. Káìtì alágbára olókùn mẹ́rin kì í ṣe irú èyí tí à ń fi bébà àti igi ìgbálẹ̀ ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ó lè gbé àgbàlagbà nílẹ̀, mo sì ní àpá rẹ̀ lára.

Èmi náà ti ronú bíi tiyín rí. Okùn òkè méjèèjì ló ń gbé agbára káìtì, nítorí náà mo ra èyí tó lè gbé 220 kílò sí wọn. Bíréèkì, ìyẹn okùn ìsàlẹ̀ méjì tó ń fa ẹ̀yìn káìtì, ńkọ́? Èyí tó bá káìtì wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀, 90 kílò, torí mo gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ká fi darí káìtì lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí kò ju èyí lọ: okùn tí kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀ yẹn ni gbogbo ẹrù máa já lé lórí lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú. Òun lẹ máa fi sá àsálà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ni, ní etíkun Tarkwa Bay. Káìtì mi fẹ̀ tó mítà 3 níbùú-lóòró (3 m²), okùn rẹ̀ gùn ní mítà 20. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ jẹ́jẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bó ṣe máa ń fẹ́ lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, ojú ọ̀run ṣú dúdú lápá ìlà-oòrùn, lókè Victoria Island lọ́hùn-ún, atẹ́gùn sì dákẹ́ lójijì. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkó mọ̀ pé tí atẹ́gùn bá dákẹ́ báyẹn tí òjò ń ṣú bọ̀, ìjì ni yóò kọ́kọ́ dé. Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n yí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kó o ni.

Ìjì náà wá láti apá tí káìtì wà. Okùn dẹ̀ pátápátá, káìtì rọ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn ìsáṣọ, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, atẹ́gùn ti gbá a mú lápá kejì, gbogbo okùn sì le gbọ̀ngbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: okùn tó dẹ̀ tó wá le lójijì, ẹrù tó já lé e ju èyí tó ń rù nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ déédéé lọ. Tí atẹ́gùn bá sì di ìlọ́po méjì, ìfà káìtì kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dì.

Mo ju ìdìmú méjèèjì sílẹ̀, bó ṣe yẹ kí n ṣe. (Okùn òkè kan àti bíréèkì kan ló wà lára ìdìmú kọ̀ọ̀kan.) Okùn ọrùn ọwọ́, èyí tí àwọn tó ń ta á ń pè ní kite killer, orí rẹ̀ kan wà lọ́rùn ọwọ́, orí kejì wà lára bíréèkì nísàlẹ̀ ìdìmú. Tí a bá ti jọ̀wọ́ ìdìmú, okùn òkè á dẹ̀, bíréèkì nìkan ni yóò máa fa ẹ̀yìn káìtì, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tú jáde, á sì balẹ̀ bí àkísà. Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Lọ́jọ́ yẹn, bíréèkì ọ̀tún já. Mo gbọ́ ọ, pá! Kì í ṣe láàárín okùn, bí ìka mẹ́rin sókè ìdìmú ni. Ìdìmú òsì ta, ó yí gbirigbiri, ó sì lọ kọ́ okùn òkè tirẹ̀, kò jẹ́ kí bíréèkì òsì rìn tó bó ṣe yẹ. Bí ọ̀tún kò bá já ni, òun nìkan ì bá pa káìtì náà. Ó wá ń yí bí òkòtó lórí okùn òsì, gbogbo bó ṣe ń yí ló ń fà mí.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ṣì wà: kí n ya okùn ọrùn ọwọ́ kúrò, kí káìtì máa lọ. Àmọ́ Velcro rẹ̀, aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra tí à ń fà ya, ti gbó, iyanrìn ti kún inú rẹ̀, kò mú mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo fi okùn bàtà so ó pa. Kókó tí mo fi ọwọ́ ara mi ta! Ó wọ́ mi lórí iyanrìn títí tí káìtì fi lọ kọ́ igi àgbọn, ẹni tó ń ta àgbọn níbẹ̀ ló sáré wá fi àdá gé okùn náà. Èjìká òsì mi yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé ọwọ́ kọ́rùn.

Nígbà tí mo délé ní Òkè Pópó, mo tẹ́ okùn tó já yẹn sórí tábìlì lábẹ́ iná. Mo rò pé màá rí fọ́nrán tó ta yẹ́úkẹ́. Rárá o. Orí ibi tó já le, ó ń dán, ó rí róbótó bí ẹnu abẹ́là tó yọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi. Okùn náìlọ́ọ̀nù ni mo fi so okùn ọrùn ọwọ́ mọ́ bíréèkì, mo lọ́ ọ mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ní tààrà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ju ìdìmú sílẹ̀ ni náìlọ́ọ̀nù ń yún un lójú kan náà. Dyneema tí wọ́n fi ń ṣe okùn káìtì lágbára gan-an, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kò fẹ́ràn ooru rárá: ní nǹkan bí 145 sí 150 lórí ìwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́. Náìlọ́ọ̀nù máa kọjá 200 kó tó yọ́. Tí àwọn méjèèjì bá ń yún ara wọn, ẹ mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lọ.

Mo tún mú bíréèkì òsì tí kò já, mo so ó mọ́ òṣùwọ̀n ìkọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn báàgì, mo fà á díẹ̀díẹ̀. (Ẹ wọ awò ojú tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, okùn tó já máa ń ta bí pàṣán.) Okùn tí wọ́n kọ 90 kílò sí lára yìí já ní kílò 34. Ìdí kókó ló ti já.

Nítorí náà, ìbéèrè tèmi fún yín ni pé: níbo gan-an lára okùn yín ló ti já? Tó bá jẹ́ ìdí kókó, okùn tó nípọn kò ní wo ó sàn. Kókó lásán tí a bá ta sára Dyneema lè jẹ tó ìdajì agbára rẹ̀, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ àárín okùn, ohun kan ló ti ha á, yálà òkúta, ìgò, tàbí òwú káìtì àwọn ọmọdé. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń pọ̀ ní irú pápá bẹ́ẹ̀ nígbà ìsinmi. Tí òwú tiwọn bá ń sáré kọjá lójú kan ṣoṣo lára okùn yín, ojú kan yẹn ló ń gbóná. Ẹ jìnnà sí wọn, nítorí okùn, àti nítorí àwọn ọmọ náà pàápàá, torí okùn yín lè gé ẹran ara bí abẹ. Ẹ má fi ọwọ́ lásán di okùn tó le mú láé, ẹ má sì lọ́ ọ mọ́ ìka.

Ẹ wá wò ó: tí ẹ bá fi okùn tó nípọn sí i, atẹ́gùn á máa ti okùn náà fúnra rẹ̀, á tẹ̀ bí ọrun, káìtì á lọ́ra láti gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ìjì bá sì dé, tí okùn kò já, àwọn okùn kéékèèké abẹ́ káìtì ni yóò já, tàbí kí aṣọ rẹ̀ ya. Ìyẹn wọ́n ju okùn lọ fíìfíì.

Bí mo ṣe ń ṣe orí okùn báyìí rèé. Mo lọ sí Ìdúmọ̀tà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò télọ̀, mo ra okùn híhun tó ní ihò nínú, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ṣòkòtò, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Mo gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Mo ṣẹ́ wáyà tín-ínrín po, mo fi fa orí okùn káìtì gba inú rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí a bá ń fi okùn bọ ṣòkòtò. Okùn híhun yẹn ni ìbọ̀ rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹnu ìbọ̀ náà mọ́ okùn ní ìlà mẹ́ta, kó má bàa yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ po, mo ta kókó tó dà bíi nọ́ńbà 8, ojú okùn sì jáde. Ìbọ̀ yẹn ló ń gba ìfúnpọ̀ kókó, kì í jẹ́ kí kókó gé okùn inú. Ojú okùn yẹn ni mo fi ń ta ojóbó mọ́ ìrù okùn tó nípọn tó wà lára ìdìmú, lẹ́yìn kókó tó wà lórí rẹ̀. Ojóbó kì í jẹ okùn tó bí kókó lásán ṣe ń jẹ ẹ́, ẹ sì lè tú u nígbàkigbà. Ẹ máa wo ìrù yẹn náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbó, ó sì rọrùn láti pààrọ̀.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bíréèkì mi ti di 150 kílò báyìí. Ìrù tó nípọn nísàlẹ̀ ìdìmú ni mo so okùn ọrùn ọwọ́ mọ́, kò kan okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rárá. Velcro tuntun ni mo rán sí i. Nígbà tí ẹ bá so tiyín tán, ẹ na apá yín síwájú tán, kí ẹ tẹ ìdìmú síwá sẹ́yìn. Tí okùn ọrùn ọwọ́ bá ń fa bíréèkì, ó ti kúrú jù.

Ẹ tún wọn gígùn. Ẹ kan ìṣó mọ́ igi, ẹ fi ojú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọ, kí ẹ rìn lọ sí orí kejì kí ẹ sì fà wọ́n pọ̀. Okùn òkè méjì tí kò dọ́gba, èyí tó kúrú ló ń dá ru ẹrù. Okùn òkè tún máa ń gùn sí i bó ṣe ń pẹ́ ju bíréèkì lọ, torí òun ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá rí i pé káìtì ń fà sẹ́yìn tí kò fẹ́ gòkè mọ́, bíréèkì ti kúrú ju òkè lọ nìyẹn. Ìrù ni kí ẹ fi tún un ṣe.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ tí ẹ bá ti etíkun dé, torí iyanrìn tó wọ àárín fọ́nrán ń gé e láti inú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ di ojú yín, kí ẹ fi ìka méjì fa okùn kọjá láti orí dé ìdí. Ìka máa ń rí ohun tí ojú kò rí: ibi tó le, ibi tó pẹlẹbẹ, ibi tó hu irun.

Àwọn kan máa ń fi bẹ́líìtì ìdí àti ìkọ́ gbé ẹrù káìtì. Tí ẹ bá wà lára wọn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí okùn tó so ìdìmú méjèèjì pọ̀ bá wà lórí ìkọ́ ìdí, ẹ ju ìdìmú sílẹ̀ títí, káìtì kò ní kú, ìdí yín ló so mọ́. Ìkọ́ tó ní ohun tí à ń fà tú ni kí ẹ lò, kí ẹnì kan sì bá yín fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tú u, kí ẹ rí i pé ó ń tú lábẹ́ ẹrù. Irin ìkọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ kọ́kọ́rọ́ tàbí tí àwọn agunkè ń lò kò ṣe é tú nígbà tí nǹkan bá ń fà á. Mo ti rí ẹni tó lò ó, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́. Ọ̀bẹ kékeré onígun tó ṣe é fi gé okùn náà kò gbọdọ̀ wọ́n lára bẹ́líìtì.

Wáyà iná tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yín ńkọ́? Tó bá wà níbi tí okùn yín lè dé, kì í ṣe ibẹ̀ ni pápá yín.

Ọmọ yín. Ẹ má bínú sí i, ohun tó dára ló fẹ́. Ẹ wá káìtì kékeré fún un, èyí tí kò ju mítà kan àbọ̀ níbùú-lóòró (1.5 m²) lọ, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn rọra ń fẹ́, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ líle lórí àti bàtà tó dé ẹsẹ̀. Kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jù ú sílẹ̀. Ẹ kàn máa pariwo "jù ú!" lójijì, kó jù ú, kó ya okùn ọrùn ọwọ́ kúrò, nígbà ogún, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi máa ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó.

Mo ń bọ̀ ní Yàbá lọ́sàn-án Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ kó ìdìmú méjèèjì àti okùn tó já yẹn sínú báàgì, ẹ má gé orí ibi tó já sọnù. A ó jọ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a ó wò ó.