Ẹsẹ̀ ń sinmi, ojú ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá fífi ọgbọ́n wakọ̀ kí epo má baà tètè tán máa ń rẹni àbí ó máa ń fini lọ́kàn balẹ̀, èsì tèmi rèé: ó rẹ̀ mí gan-an níbẹ̀rẹ̀, kò rẹ̀ mí mọ́ báyìí. Ohun tó sì rẹ̀ mí nígbà yẹn kì í ṣe ọkọ̀ wíwà. Gééjì ni.

Kubwa ní Àbújá ni mò ń gbé, àárín ìlú ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà di 537 ní Àbújá, tó tún di 617 ní July, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ epo. Ọkọ̀ mi ní nọ́ńbà kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ bó ṣe ń jẹ epo sí lójú ẹsẹ̀. Ojú mi kì í kúrò níbẹ̀. Tó bá yí padà báyìí, àyà mi á já. Tí n bá fi máa dé Berger láàárín ìlú, ọrùn mi á ti gan, n kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń wakọ̀ báyẹn, ó sàn kó jẹ́ kí epo jó.

Mo fi ìwé bo nọ́ńbà náà. Láti ìgbà yẹn, iwájú ni mò ń wò, iwájú tó jìn dáadáa. Bí mo bá ti rí iná bíréèkì tó ń pọ́n lókèèrè lẹ́yìn Dutse, mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí accelerator nìyẹn. Ọkọ̀ òde òní tó ń lo injector, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tó bá wà nínú jíà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sé epo. Eré tí ọkọ̀ ti ń sá tẹ́lẹ̀ ló máa ń yí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ń dẹwọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ò sì ná kọ́bọ̀. Kí n tó dé ibi tí àwọn ọkọ̀ iwájú dúró sí, wọ́n ti ń lọ. Ẹni tó fi ìbínú yà mí sílẹ̀ ń tẹ bíréèkì níbẹ̀, a jọ máa dé Berger ni.

Eré náà ń kó ipa. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń ta ko ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan dípò 120, ariwo á dínkù, ẹ ò sì ní máa fojú wá Road Safety kiri, torí 100 ni wọ́n fún ọkọ̀ ilé lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ìsinmi ńlá nìyẹn lójú tèmi.

Àmọ́ àwọn èèyàn ń rẹni o. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ yín ní Àbújá, kí ẹ wò ó bóyá onítakisí kò ní ki imú bọ̀ ọ́. Mo fọn fèrè títí, mo bú wọn títí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé gígùn ọkọ̀ kan péré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń gbẹ́sẹ̀ díẹ̀, àyè mìíràn á ṣí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń wà, kí àwọn oníkánjú lè ráyè kọjá.

Sísọ ọkọ̀ sí free, ìyẹn kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀, tí kò ní kọ̀ǹpútà tó ń sé epo, ló bá mu nígbà yẹn. Nínú injector, ẹ́ńjìnnì nílò epo díẹ̀ kó má baà kú tó bá wà ní free, kò sì ní bá yín di ọkọ̀ mú, bíréèkì nìkan ló kù. Ọkàn ta ló máa balẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn lójú ọ̀nà Lokoja, tí tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀?

Nyanya àti Mararaba, n ò ní parọ́ fún yín: sún kẹẹrẹ ibẹ̀ kò ní ìsinmi kankan, bó ti wù kẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ wà tó. Tó bá sì jẹ́ March tàbí April, ẹ tan ẹ̀sì. Ooru tó máa mú yín níbẹ̀ ju iye epo tẹ́ ẹ máa rí fi pamọ́ lọ. Táyà ni kí ẹ máa fẹ́ dáadáa, ìyẹn kì í rẹ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, n kì í dán gbogbo èyí wò, torí kánjúkánjú àti sùúrù kì í gbé ọkọ̀ kan náà. Tó bá jẹ́ kabúrétọ̀ ni tiyín, ẹ sọ, ohun tí mo máa sọ fún yín á yàtọ̀ díẹ̀.