Gráàfù ní kò sí wàhálà, kọ́sítọ́mà ní ohùn òun ń já: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, ẹjọ́ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rò, pé a sanwó íntánẹ́ẹ̀tì, iye speed tí wọ́n kọ síwèé dára, ṣùgbọ́n ohun tójú ń rí ò jọ ohun tí wọ́n kọ. Mẹ́ta ni mo mú, mo sì fi ara balẹ̀ dáhùn wọn torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Sángo, ibi tá a ti ń bá àwọn ọmọ ṣe fọ́ọ̀mù. 20 Mbps ni mo sanwó fún, ṣùgbọ́n tí mo bá ń dáńlóòdù fáìlì, 2.4 ni kọ̀ǹpútà ń kọ síbẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ báyìí?
Ọ̀gá sẹ́ńtà, Sángo

Ọ̀gá mi, níbi eléyìí wọn ò rẹ́ yín jẹ. Mbps túmọ̀ sí mílíọ̀nù bíìtì ní sẹ́kọ́ǹdù kan, b kékeré tó wà nínú ẹ̀, bíìtì ni. B ńlá tí kọ̀ǹpútà yín ń kọ sí MB, báìtì nìyẹn, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Ẹ pín 20 sí ọ̀nà 8, 2.5 lẹ máa rí. 2.4 yín sún mọ́ ọn dáadáa, díẹ̀ tó kù yẹn bá àdírẹ́ẹ̀sì lọ, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kàn rántí pé tí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá bá ń fà á pọ̀, 2.5 yẹn náà ni gbogbo wọn máa pín láàárín ara wọn o.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí Zoom látinú ilé mi l'Ákóbọ̀. Tí mo bá ṣe speed test, á kọ 25, á tún ní ó dára. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago méje alẹ́ báyìí ohùn mi á máa já, àwọn ọmọ á ní "Màmá, a ò gbọ́ yín mọ́". Mo pe àwọn tó ń tà á fún mi, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn. Ó ti sú mi.
Ìyá oníṣirò, Akóbọ̀

Màmá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ ká mú Micra wọ ọ̀rọ̀ yìí, torí kò sí ará Ìbàdàn tí ò wọ Micra rí. Ohùn yín kì í wọ íntánẹ́ẹ̀tì lódindi, wọ́n máa ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni, wọ́n á kó o sínú ohun tí wọ́n ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì, bíi 50 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan ṣoṣo. Ká ní pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ Micra kan tó gbéra ní Ìwó Road tó ń lọ Dùgbẹ̀. 25 tí wọ́n kọ fún yín, iye ọkọ̀ tí títì yẹn lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò sọ bí ọkọ̀ kan ṣe máa pẹ́ tó lọ́nà. Àsìkò tí Micra kan fi lọ tó fi bọ̀, òun là ń pè ní ping, àwọn míì á pè é ní latency, mìlísẹ́kọ́ǹdù la fi ń kà á, 1,000 ẹ̀ ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí Micra àkọ́kọ́ bá lo ogún ìṣẹ́jú, tí èkejì lo ogójì, tí ẹ̀kẹta tún lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ségesège yẹn ni jitter. Èyí tó gbéra tí ò dé rárá, pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù nìyẹn.

YouTube lè dúró de Micra tó pẹ́, torí ó ti kó díẹ̀ pamọ́ síwájú kó tó máa fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè dúró. Pákẹ́ẹ̀tì tó bá dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀, Zoom á dà á nù ni, ohun táwọn ọmọ ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ohùn tó ń já nìyẹn. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn tí wọ́n ń pè ní G.114 pé kí àlọ nìkan má kọjá 150 mìlísẹ́kọ́ǹdù tá a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dùn ún sọ, wọ́n ní kó má sì kọjá 400 rárá. Ẹ rí i pé kò sí megabit kankan nínú ìyẹn.

Speed test tẹ́ ẹ ń ṣe yẹn náà, ibi tó bá sún mọ́ jù ló máa ń yàn láti wọn nǹkan, ó lè jẹ́ Èkó, ó tiẹ̀ lè jẹ́ inú ilé àwọn tó ń tà á fún yín gan-an. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yín lè jẹ́ pé Yúróòpù ló ń gbà kọjá. Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Portugal wá sí Èkó gùn tó kìlómítà 7,000, ìmọ́lẹ̀ inú okùn bẹ́ẹ̀ sì ń sáré bíi kìlómítà 200,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, àlọ àti àbọ̀ á gba 70 mìlísẹ́kọ́ǹdù, kò sẹ́ni tó lè dín in kù. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ping 100 sí ọ̀hún, ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ 100 láàárọ̀ tó wá di 600 lálẹ́, ẹjọ́ wà ńbẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ alẹ́? Ó lè jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, tí gbogbo yín sì ń fa máàsì kan náà. Ó sì lè jẹ́ inú ilé yín, èyí làwọn èèyàn kì í fura sí. Tí fóònù ẹnìkan bá ń kó fọ́tò àti fídíò lọ sókè, ráútà ò ní sọ pé ilẹ̀ ti kún, á kàn máa to pákẹ́ẹ̀tì jọ bí ọkọ̀ ní gáréèjì, ohùn yín á wá tò sẹ́yìn wọn. Jim Gettys, ará Amẹ́ríkà kan, ló pariwo ọ̀rọ̀ yìí síta ní nǹkan bí 2010, bufferbloat ni wọ́n ń pè é. Mo ti rí ilé tí ping ti kúrò ní 30 bọ́ sí 800 torí fóònù kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé sí yàrá.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ ping -n 100 kẹ́ ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì yẹn tì í, tó bá parí kẹ́ ẹ tún ṣe ti 8.8.8.8, ti Google nìyẹn. Tí ti ráútà bá ti ń sọnù tàbí tó ń fò sókè sódò, wáífáì yín ni, ẹ fa wáyà lọ sí i. Tí ti ráútà bá mọ́ tónítóní tí ti Google wá ń sọnù, ẹ sọ fún gbogbo ilé kí wọ́n pa wáífáì lórí fóònù wọn, ẹ tún un ṣe. Tó bá ṣì ń sọnù, àwọn tó ń tà á fún yín ló ni ín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago méje alẹ́, ọjọ́ méje gbáko, iye tó sọnù nínú 100 àti ping tó ga jù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ pe 622 ti NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ NCC á kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ti fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà, torí náà ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pè.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan ní Bódìjà ni mo wà, ní NOC, yàrá tá a ti ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èmi ni mò ń jókòó ti gráàfù tó ń fi bí línkì, ọ̀nà tí dátà ń gbà, ṣe ń kún hàn. Línkì kan wà tó gba 100 Mbps, gráàfù ẹ̀ ò kọjá 40 rí, síbẹ̀ kọ́sítọ́mà ń pè lálaalẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n máa sọ fún wọn pé wáífáì wọn ni. Kí ló yẹ kí n máa wò?
Ọmọ NOC, Bódìjà

Àbúrò mi, má tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Gráàfù yẹn ò parọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń pín dọ́gba. Ká ní línkì yẹn kún dé 100 fún ìṣẹ́jú kan, tó wá wà ní 20 fún ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù, 36 ni gráàfù máa kọ. Ìwọ á rí àwọ̀ ewé, kọ́sítọ́mà á sì ti fi odindi ìṣẹ́jú kan máa pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò". Bi àwọn àgbà Ìbàdàn léèrè omíyalé odò Ògùnpa ti 31 August 1980. Tó o bá pa gbogbo òjò ọdún yẹn pọ̀ tó o pín in dọ́gba fún ọjọ́ 366, o ò ní rí ọjọ́ kankan tó yẹ kí ilé wó, bẹ́ẹ̀ òjò ọjọ́ yẹn ló gbé ilé àti èèyàn lọ.

Torí náà dín àsìkò tó o fi ń kà á kù, ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdù dára. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún counter, òǹkà inú ráútà tó ń ka báìtì tó kọjá, tó bá jẹ́ ti bíìtì 32, tó bá ti ka báìtì 4,294,967,296 á padà sí òdo, lórí línkì 1 Gbps tó kún kò ju sẹ́kọ́ǹdù 34 lọ, nọ́ńbà tí ò lórí tí ò nídìí ló máa fún ẹ. Counter tí wọ́n ń pè ní ifHCInOctets (èyí tó wọlé) àti ifHCOutOctets (èyí tó jáde) ni kó o lò, bíìtì 64 ni wọ́n. Lẹ́yìn náà lọ wo counter míì tó ń jẹ́ ifOutDiscards, ibẹ̀ ni ráútà ti ń jẹ́wọ́ iye pákẹ́ẹ̀tì tó dà nù torí pé ilẹ̀ kún. Mi ò mọ nọ́ńbà tí wọ́n pa tì tó èyí.

Wọ́n tún lè sọ fún ẹ pé kó o wo 95th percentile. Torí owó tí ẹ̀ ń san fáwọn tó ń tà á fún yín ni wọ́n fi ń lò ó, ó sì dára fún ìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ga jù nù. Nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, wákàtí 36 nìyẹn, tó o bá pín in sójúmọ́, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá. Ìyá oníṣirò tó kọ̀wé láti Akóbọ̀ lókè yìí, gbogbo kíláàsì ẹ̀ wà nínú wákàtí kan yẹn, àfi bíi pé kò gbé ayé rí.

Má sì fojú kéré pákẹ́ẹ̀tì kan nínú ọgọ́rùn-ún. TCP, ìlànà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbé fáìlì, tó bá ti rí i pé nǹkan sọnù, á rò pé ọ̀nà ti dí ni, á sì dẹ ìrìn. Lórí Reno, ẹ̀yà TCP àtijọ́ kan, tí àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ 100 mìlísẹ́kọ́ǹdù, 1% tó ń sọnù á ti fa ìsopọ̀ kan sílẹ̀ sí nǹkan bí 1.4 Mbps, kọ́sítọ́mà ì báà sanwó 50.

Èyí tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe ni pé kó o gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sílé kọ́sítọ́mà tó ń pè yín jù, fi wáyà so ó mọ́ ráútà ẹ̀, kó máa ping gateway yín, ìyẹn ráútà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà lọ́dọ̀ yín, ní sẹ́kọ́ǹdù sẹ́kọ́ǹdù láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé mọ́kànlá alẹ́. Má pín in dọ́gba, èyí tó burú jù nínú ọgọ́rùn-ún ni kó o kọ sílẹ̀. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ifOutDiscards wákàtí yẹn kan náà, kó o tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀gá ẹ sórí ìwé kan. Fi ọ̀sẹ̀ kan ránṣẹ́ sí èmi náà, ká jọ kà á.