Èsì: Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni kí a fi yan àdúgbò?

Ẹ kú àníyàn ọmọ o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra ilé ní àdúgbò tó wọ́n, torí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà níbẹ̀, nígbà tí ọmọ yín ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ní tèmi, ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ háyà.

Kí ó tó wọ girama, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè yí padà, àwọn olùkọ́ tó dáńtọ́ lè lọ, ààlà agbègbè tí wọ́n ti ń gba ọmọ sì lè yí. Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀: ṣé àdírẹ́sì ni wọ́n ń wò ni, àbí ìdánwò àbáwọlé? Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ilé gbọ́ lórí èyí.

Èsì ìdánwò nìkan kò tó rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń ṣa àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù gbà yóò ní èsì tó dára, ì báà má kọ́ wọn dáadáa. Bí ọmọ tí ìwé kò tètè yé ṣe ń ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ wádìí. Ẹ lọ dúró nítòsí lásìkò tí wọ́n bá ń jáde, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bára wọn lò.

Ẹ tọ ọ̀nà ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú. Tí owó ilé bá sì máa mú kí òbí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ dalẹ́ lójoojúmọ́, ta ni yóò jókòó ti ọmọ nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá? Èyí ló ká mi lára jù.