Má jẹ́ kí wọ́n yọ foreign key yẹn kúrò

Àbúrò mi, o ní pípa orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kúrò níléèwé rẹ́ nínú Postgres, dátábéèsì tí ẹ ń lò, ń gba ìṣẹ́jú gbáko, ọ̀gá yín ní Gwarinpa sì ti ní kẹ́ ẹ yọ foreign key (òfin pé ìlà inú tábìlì kan gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ìlà tó wà lóòótọ́ nínú òmíràn) àti UNIQUE (òfin pé ohun kan náà kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì) kúrò, pé kóòdù ni yóò máa yẹ ohun gbogbo wò. Jọ̀ọ́, má gbà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe irú ẹ̀ rí, ojú mi sì rí màbo.

Ní 2014, àwọn oníṣòwò Yorùbá kan ní Kubwa gbé iṣẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn fún mi: owó ọ̀sẹ̀, ẹ̀yáwó, èrè ọdún. PHP ni mo fi kọ kóòdù rẹ̀, MySQL sì ni dátábéèsì rẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù kan tí kóòdù mi kì í yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n inú tábìlì fúnra rẹ̀, mi ò fi ìdènà kankan síbẹ̀. Ògiri tó lanu ni mo kọ́ fún wọn.

Nọ́ńbà fóònù ló kọ́kọ́ bàjẹ́. INT, irú kọ́lọ́ọ̀mù tó ń gba odidi nọ́ńbà, ni mo fi ṣe é, mo ṣáà ń wò ó pé nọ́ńbà ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Mo ṣí tábìlì, mo bá 2147483647 níwájú ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kejì, 2147483647. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni INT mọ. Òdo iwájú 0803 ti já dànù, ìyókù sì tóbi ju ohun tí INT lè gbà lọ. MySQL ìgbà náà kò jiyàn, ó kàn gé gbogbo rẹ̀ síbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìgbà tí MySQL 5.7 jáde ní 2015 ni kíkọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó di ìṣe rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kankan tá a rí gbà padà nínú ẹ̀rọ. Èmi àti akọ̀wé la jókòó ti àpótí fọ́ọ̀mù oníbébà, Sátidé méjì gbáko. Nọ́ńbà fóònù, NIN, BVN, nọ́ńbà àkáǹtì: ẹnikẹ́ni kì í ro wọ́n pọ̀ tàbí yọ ọ̀kan nínú èkejì, inú kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ wọ́n sí.

Ti orúkọ náà wà níbẹ̀. Latin1, ètò ìkọ lẹ́tà tí kò ní gbogbo lẹ́tà wa, ni mo lò, Ɗanladi di ?anladi, Ṣẹ́gun di ???gun. Ẹ lo UTF-8, tó gba gbogbo wọn, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ti owó ló dùn mí jù. Obìnrin tó ń gba owó ní káúńtà á tẹ bọ́tìnnì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á há, á tún un tẹ̀. Kóòdù mi máa ń wò ó bóyá owó náà ti wọlé kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ìgbà mìíràn, méjèèjì á jọ dé pọ̀: èkíní á wò, kò ní í rí nǹkan, èkejì á wò, òun náà kò ní í rí nǹkan, ni àwọn méjèèjì á bá kọ ọ́. Bó ti wù kí kóòdù gbọ́n tó, tó bá jẹ́ pé kó kọ́kọ́ wò kó tó kọ ni, àyè yẹn wà láàárín.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó tú káàdì rẹ̀ láti etí ìró, ó fi ìka tọ ìlà bíírò kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo san lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ mẹ́wàá fún mi. Owó mi kọ́ nìyẹn o.” Ara mi tutù. A ti pín èrè ọdún tó ṣáájú, a sì ti pín in lórí owó tí ẹnikẹ́ni kò san.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Kí owó tó kúrò lórí tablet, ẹ̀rọ á fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, UNIQUE á sì wà lórí kọ́lọ́ọ̀mù náà. Èyí tó bá dé lẹ́ẹ̀kejì, dátábéèsì fúnra rẹ̀ á kọ̀ ọ́.

Ẹ má sì kàn gbà pé ìdènà wà nítorí pé ẹ kọ ọ́. Mo kọ START TRANSACTION (àṣẹ pé kí gbogbo ìgbésẹ̀ yọrí pọ̀, tàbí kí ìkankan má ṣe yọrí) káàkiri, láìmọ̀ pé MyISAM, ọ̀nà ìpamọ́ MySQL kan, ni àwọn tábìlì mi, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná lọ níbi tá a ti ń fi owó ẹnì kan san ẹ̀yáwó rẹ̀: owó kúrò, gbèsè sì dúró. CHECK náà, òfin tó ń yẹ nǹkan wò kó tó wọ tábìlì, títí di 8.0.16 ní 2019, MySQL á gbà á lẹ́nu rẹ, kò sì ní í ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ìdọ̀tí wọlé fúnra mi. Tó bá wọlé, mo mọ̀ pé ìdènà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá yín kò parọ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ń da mílíọ̀nù ìlà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, foreign key máa ń fà á sẹ́yìn. Àmọ́ iléèwé kan ṣoṣo lẹ ní. Ohun tí mo fura sí ni pé Postgres kì í dá index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ìlà) ṣe fún kọ́lọ́ọ̀mù tí foreign key wà lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́, á ka tábìlì máàkì àti ti owó iléèwé láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó dá yín lóhùn. Fi index sí student_id nínú méjèèjì, kó o wá fi EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tó ń fi ibi tí àkókò ń lọ hàn, síwájú DELETE (àṣẹ ìparẹ́) yẹn, kó o gbé èsì rẹ̀ wá síbí ká jọ wò ó. Orí ẹ̀dà dátábéèsì ni kó o ti ṣe é o, torí EXPLAIN ANALYZE máa ń pa á rẹ́ ní tòótọ́.