Mo ní jukebox àtijọ́ kan (ẹ̀rọ ńlá tó ń lu àwo orin téèyàn bá fi owó sí i) ní Adó-Èkìtì. Kí ni mo lè ṣe kí àwo orin tuntun máa dún dáadáa lórí rẹ̀?

Abẹ́rẹ́ àti orí tó gbé e dání ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ sí ti sítẹ́rẹ́ò (ohùn ọ̀nà méjì). Jukebox tó ti wà kí àwo sítẹ́rẹ́ò tó gbòde ní nǹkan bí 1958, abẹ́rẹ́ mónò (ohùn ọ̀nà kan) ló ní, ẹ̀gbẹ́ nìkan nìyẹn sì ń mì sí. Àwo sítẹ́rẹ́ò a máa ti abẹ́rẹ́ sókè sódò pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ tó bá le, tí kò lè mì bẹ́ẹ̀, á ha àwo, ohùn á sì há. Ẹ dín ìwúwo apá rẹ̀ kù dé ìwọ̀n tí abẹ́rẹ́ tuntun náà fẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni iná. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo iná 60Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), 50Hz ni tiwa. Tíráńsífọ́mà á dín fóltì kù, ṣùgbọ́n kò lè yí Hz padà, Hz yìí ló sì ń pinnu bí mọ́tò rẹ̀ ṣe ń yára tó. Àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan á wá máa yí ní 37.5, olórin á máa fa ohùn bí ẹni tó ń tòògbé. Púlì (kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lára mọ́tò) tó bá 50Hz mu ló ń tún un ṣe.

Tí jukebox yín bá jẹ́ ti àwo 78 nìkan (àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan), ẹ má fi àwo tuntun sí i.