Alága ò fẹ́ kúrò, àwọn tó jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ náà ní àwọn máa dìbò: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Barrister, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa níbí. Orúkọ 140 ló wà nínú ìwé wa, àmọ́ bí èèyàn 35 ló máa ń wá sípàdé, a ó jókòó láti aago méjì ọ̀sán títí di aago méje alẹ́, a ò sì ní parí nǹkan kan. Ìdìbò wa ku oṣù mẹ́ta. Alága ti lo ọdún mẹ́fà, àwọn àgbà kan sì ń sọ pé ká ṣáà pàtẹ́wọ́ fún un kó máa bá a lọ. Àwọn tí ò san owó oṣù látèṣí náà ní kò sẹ́ni tó lè ní káwọn má dìbò. A ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìforítì náà, torí mo mọ̀ pé tí ìdìbò bá dàrú, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ dojú kọ pé ibo lẹ kọ ọ́ sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ṣètò ìwé wọn ní Abuja níbí, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé ìdìbò kì í ṣàdédé dàrú lọ́jọ́ ìdìbò, ó ti dàrú látìgbà tí kò ti sẹ́ni tó lè sọ ní pàtó pé àwọn báyìí báyìí ni ọmọ ẹgbẹ́.

Ìwé orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jáde. 140 yẹn, ó dá mi lójú pé wọn ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ sì mọ Abuja, èèyàn ń dé, èèyàn ń lọ, wọ́n á gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí Kaduna tàbí Minna, ẹlòmíì á fẹ̀yìn tì á padà sílé, ẹlòmíì ti di olóògbé tí orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ̀yin àti akápò jókòó, ẹ gbé ìwé owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orúkọ, kẹ́ ẹ máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tẹ́ ò bá dá lójú. Ká ní òfin yín sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà nípàdé kí ìpinnu tó lè múlẹ̀, 140 yẹn túmọ̀ sí pé èèyàn 47 lẹ nílò, 35 ò sì tó, a jẹ́ pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń pinnu bọ̀ látọjọ́ yìí, ẹni tínú ń bí lè dìde lọ́la kó ní kò múlẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yẹ ìwé wò tó wá ku 90, 30 ti tó nìyẹn. Ẹ má kàn ṣàdédé yọ orúkọ èèyàn o, ọ̀nà tí òfin ẹgbẹ́ là sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nípàdé.

Òfin ẹgbẹ́ wo wá ni? Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọn nìyẹn, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní méjì, èyí tí wọ́n mú lọ fún CAC nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, àtèyí tí ẹnì kan tún tẹ̀ lẹ́yìn náà tó ń pín kiri lórí WhatsApp. Èyí tó wà ní CAC ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ lè gba ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Apá F nínú òfin CAMA ti 2020, ìyẹn òfin ìjọba lórí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, sọ ọ́ di dandan pé kí òfin ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ sọ nípa ìpàdé, iye àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí, bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n, tẹ́ ẹ bá sì ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, bẹ́ ẹ ṣe ń ná an àti bẹ́ ẹ ṣe ń yẹ ìwé owó wò. Ẹ wá ibi tó ti sọ iye ọdún tí alága lè lò. Tó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, alága yín ti lò ó tán, àtẹ́wọ́ ò lè sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Àwọn àgbà tẹ́ ẹ ń wí yẹn, ẹ má bá wọn jà, ẹ mú ìwé yẹn lọ bá wọn nílé, ẹ ṣí i sójú ibẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn kà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì rí i rí.

Ẹ má sì gbé alága pọ̀ mọ́ trustees o, ìyẹn àwọn tí ohun ìní ẹgbẹ́ wà níkàáwọ́ wọn lábẹ́ òfin. Àwọn trustees lorúkọ wọn wà ní CAC, alága lè má sí nínú wọn. Tó bá jẹ́ pé trustees gan-an ló ń lu jìbìtì, òfin CAMA gba ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti lọ bẹ ilé ẹjọ́ pé kó dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ tiyín ò tíì débẹ̀.

Ní ti àwọn tó jẹ gbèsè, ohun tí òfin yín bá sọ lẹ máa tẹ̀ lé. Tó bá ti ní ẹni tó sanwó ló lè dìbò, ẹ mú ọjọ́ kan tí owó gbọ́dọ̀ wọlé dà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ yẹn ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ni, ẹni tó ń dupò lè kó owó jáde kó san gbèsè ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ra ìbò nìyẹn, rìsíìtì ẹgbẹ́ lẹ sì fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ọjọ́ yẹn bá pé, ẹ lẹ orúkọ àwọn tó lè dìbò mọ́ ara ògiri, ẹ fi sórí WhatsApp náà, kẹ́ ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti wá sọ pé orúkọ àwọn ò sí níbẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tì í pa.

Ìpàdé tó ń gùn yẹn, mínítì tẹ́ ẹ̀ ń kà láti òkè délẹ̀ ló ń jẹ yín lákòókò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú àwọn nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní àbá, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹlòmíì kín in lẹ́yìn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó dá sí i. Iye ẹni tó fara mọ́ ọn àti iye ẹni tí ò fara mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ kọ sí mínítì, ẹ fi ti ẹni tó pariwo àtẹni tó bínú jáde sílẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ ìdìbò gan-an. Ẹni tó ń dupò ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò, alága ò sì gbọ́dọ̀ darí ìpàdé lọ́jọ́ náà. Ẹ má lo póòlù WhatsApp, torí èèyàn lè rí ẹni tí ẹnìkejì dìbò fún, ẹni tó bá sì ní láìnì méjì nínú gúrúùpù á dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ kan pè mí láti wá bá wọn ka ìbò nígbà kan, nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, èèyàn 61 ló jókòó, péèpà 74 la rí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Péèpà funfun lásán ni wọ́n gé, kò ní òǹtẹ̀, kò sẹ́ni tó ka iye tí wọ́n gé. Bàbá kan tó ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ látilẹ̀ kàn jókòó síbẹ̀ tó ń sunkún, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la tó tún ìdìbò náà ṣe.

Torí náà, ẹ ka péèpà níwájú gbogbo èèyàn, ẹ lu òǹtẹ̀ sí i, kí olórí ìgbìmọ̀ sáìn ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀ kí wọ́n rí i pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ pe orúkọ láti inú ìwé, kó sáìn, kó gba péèpà kan. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ìyá tó wà níta tí wọ́n ń bu ìrẹsì, mo ti rí i tó pọ̀ jù pé wọ́n á dìbò tán káwọn obìnrin tó mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ nà án sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ilé rí i, kẹ́nì kan máa fa igi sójú pátákó ìkọ̀wé. Kẹ́ ẹ sì ti fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí ìbò bá dọ́gba.

Lọ́jọ́ yẹn náà kẹ́ ẹ kọ ìpinnu nípa àwọn tó máa máa sáìn owó, torí báǹkì máa béèrè rẹ̀. Kí akápò àtijọ́ ka ìròyìn owó, káwọn trustees lè ríhun fi kún ìwé ọdọọdún tó ń lọ sí CAC láàárín 30 Oṣù Kẹfà sí 31 Oṣù Kejìlá. Ìwé orúkọ, ìwé owó, òǹtẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí ẹni tó ń lọ àtẹni tó ń bọ̀ sáìn ín kẹ́ ẹ tó pín oúnjẹ.